Ọmọ 47, èdè 5, kíláàsì kan: báwo la ṣe fẹ́ to ètò ẹ̀kọ́ wọn?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ń kọ́, ní ẹ̀yìn Ìlọrin, lápá Sóbì. Ọmọ 47 ló wà níwájú mi: 24 ń sọ Yorùbá nílé, 9 jẹ́ Tápà, 8 jẹ́ Fúlàní láti gàá, ibùdó àwọn darandaran, tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé wa, 4 jẹ́ Gàmbàrí, 2 jẹ́ Bàrùbá. Ọ̀gá wa ní kí àwa tíṣà kíláàsì kìíní sí ẹ̀kẹta jókòó tún sìkíìmù wa ṣe kí sáà tuntun tó wọlé. Lójú tèmi, ká kúkú fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ti bàbá ẹnikẹ́ni nínú wọn, kò sẹ́ni tó máa ní a ṣojúsàájú. Ibo ni mo ti ṣì í?"

* * *

Ibi tó o ti ṣì í, àbúrò mi, ni pé o rò pé yóò dọ́gba. Gẹ̀ẹ́sì kò jìnnà sí gbogbo wọn bákan náà. Nínú ọmọ 47 yẹn, wàá rí ẹni tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, tó ti lo ọdún mẹ́ta ní jẹ́lé-ó-sinmi, tí tẹlifíṣọ̀n ń bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì láàárọ̀ lálẹ́. Wàá sì rí ọmọ gàá tó jẹ́ pé ẹnu rẹ ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bó o bá ní kí àwọn méjèèjì sáré, ọ̀kan ti dé àárín ọ̀nà kó o tó fọn fèrè.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣí mi lójú. Mo ní ọmọbìnrin Fúlàní kan ní kíláàsì nígbà kan. Wàrà ni ìyá rẹ̀ ń tà, ọmọ náà sì máa ń bá a gbé igbá rìn lẹ́yìn ilé-ìwé. Ní ọjọ́ kan mo kọ ìṣirò kan sójú pátákó, ní Gẹ̀ẹ́sì bí ìwé ṣe kọ ọ́: ẹnìkan ní ọsàn 50, ó ta 18, mélòó ló kù? Ọmọ yìí kọ 68. Ó rí nọ́ńbà méjì, ó ro wọ́n pọ̀, ó jókòó. Mo fa igi sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ra wàrà 350 náírà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnu géètì, ó fún un ní 1,000. Ọmọ náà ti na 650 sí i kí obìnrin náà tó ti pọ́ọ̀sì rẹ̀. Kò fi ìka kà, kò wojú òkè. Mo dúró síbẹ̀, ara mi tutù. Sáà méjì ni mo ti ń kọ́ ọ. Nínú ìwé máàkì mi, ẹni tí kò mọ ìṣirò ni. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń dán wò lára rẹ̀ látọjọ́ yìí, mo wá ń kọ èsì rẹ̀ sábẹ́ ìṣirò.

Ohun tí mo fẹ́ kó o gbé lọ sí ìpàdé yín nìyẹn. Kí ẹ tó to àkòrí kankan, ẹ bi ara yín pé kí ni ọmọ yìí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, èdè wo ló sì fi mọ̀ ọ́n.

* * *

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ka ìbéèrè yìí ti sáré dáhùn pé, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ká fi Yorùbá kọ́ wọn, ṣebí Ìlọrin nibí. Wọ́n ní ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ti parí àríyànjiyàn yìí tipẹ́.

Mo gba iṣẹ́ Fafunwa gbọ́ tọkàntọkàn. Ní ọdún 1970 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà yẹn ní Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Wọ́n ya Gẹ̀ẹ́sì sọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò rẹ̀yìn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, wọn kò kẹ̀rẹ̀ sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé ni wọ́n kọ́ ní Ifẹ̀. Ìyẹn ni àwọn tó ń dárúkọ Fafunwa máa ń fò dá. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti orílẹ̀-èdè yìí, láti ọdún 1977 tó ti jáde, sọ pé kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ kékeré. Nǹkan méjì ni. Fún ọmọ Pàkàtà tàbí ọmọ Òkè-Sùnà ní Ìlọrin níbí, èdè abínibí rẹ̀ náà ni èdè àdúgbò. Fún ọmọ Nupe, àwọn tó o pè ní Tápà, tó wà ní Ìlọrin, méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Bàbá Nupe kan dìde ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní ilé-ìwé tí mo wà tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ fẹ́ sọ ọmọ mi di Yorùbá. Tí wọ́n bá gbé ọmọ tiyín lọ sí Pàtígì, tí wọ́n ní Nupe ni kó fi kọ́ gbogbo nǹkan, ṣé ẹ máa dákẹ́?" Inú bí mi lọ́jọ́ náà. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹni tó wá sílùú ló yẹ kó kọ́ èdè ìlú. Nígbà tí mo délé ni mo rántí pé wọ́n ti gbé èmi náà lọ sí ilẹ̀ Nupe rí.

Lẹ́yìn tí mo ṣetán ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, apá Lafiagi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ. Mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Nupe kan. Mo ń sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ń wò mí. Bí mo bá ní kí wọ́n ṣí ìwé, wọ́n á dìde dúró. Ọmọbìnrin kan láti kíláàsì karùn-ún ló ń wá bá mi túmọ̀, òun ló kọ́ mi pé nuwan ni omi. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ohun tí mo bá gbé lọ́wọ́ nìkan ló yé wọn: òkúta, igbá, ìlẹ̀kẹ̀, ẹja. Ohun tí mo bá fi ẹnu sọ ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Mo dàgbà tó ẹni ogún ọdún ó lé, mo sì sunkún nínú yàrá mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ńkọ́?

Nítorí náà, fi Yorùbá ṣàlàyé, bẹ́ẹ̀ ni. Òun ni èdè tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn yóò gbọ́, títí kan àwọn ọmọ gàá tó ń bá ìyá wọn lọ sí Ọjà-Ọba àti Ìpàtà. Ṣùgbọ́n má fi ṣe ìpalára fún ẹni tí kò gbọ́ ọ.

Ohun kan tún wà nínú ìbéèrè rẹ. O kọ Tápà, o kọ Gàmbàrí. Àwa la ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Nupe ni wọ́n ń pe ara wọn, Hausa ni àwọn ìyókù ń pe ara wọn. Tó o bá fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, béèrè lọ́wọ́ òbí wọn. Mo ti rí ọmọ tó ń bojú wolẹ̀ nígbàkigbà tí tíṣà bá pè é ní "ìwọ Tápà".

* * *

Ẹnìkan ní kí la tún ń fà, ìjọba ti fagi lé e.

Òótọ́ ni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti pa ìlànà èdè tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2022 rẹ́, èyí tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò ní àwọn apá ibi tí wọ́n ti gbá èdè abínibí mú jù. Mi ò gbà pé ohun tó fa ìfìdírẹmi nìyẹn. Ilé-ìwé wo ni ẹ mọ̀ ní ìgboro Ìlọrin tó fi Yorùbá kọ́ ìṣirò dé kíláàsì kẹfà? Àwọn tí mo mọ̀, owó ìtanràn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ "fàǹákúlà".

Kọ lẹ́sìn nóòtù rẹ ní Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe fẹ́. Ohun tí àṣẹ yẹn kò gbà lọ́wọ́ rẹ pọ̀: àpẹẹrẹ tó o máa lò, ẹni tó o máa pè wá sí kíláàsì, bí o ṣe máa to ìjókòó, bí o ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀kọ́ yé ọmọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

* * *

Ìṣirò ni mo fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kíláàsì elédè púpọ̀ lè mú èrè wá.

Bí ọmọ Yorùbá bá ka 18, ó ní eéjìdínlógún. Ogún ló wà lọ́kàn rẹ̀, ó yọ 2 nínú rẹ̀. Ọmọ Hausa lè ka 18 kó ní ashirin biyu babu: ogún, 2 kò sí. Èdè wọn kò bá ara wọn tan rárá, ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan. Ti ọmọ Fúlàní yàtọ̀. Jowi ni 5, joweego ni 6, ìyẹn 5 àti 1. Joweeɗiɗi ni 7, 5 àti 2. Nupe náà ń gbé 6 títí dé 9 ka orí 5, gutsun ló ń pe 5. Àmọ́ tí Nupe bá gòkè, ogún-ogún ló ń kà bíi tiwa: ogójì wa, ogún méjì ni, 40 ti Nupe, ogún méjì náà ni.

Mo da òkúta 18 sílẹ̀ láàárín kíláàsì. Mo pe ọmọ kọ̀ọ̀kan jáde kó kà á bí wọ́n ṣe ń kà á nílé, kó sì pín òkúta náà bí orúkọ nọ́ńbà ṣe pín in. Ọmọ Yorùbá to ogún àlàfo, ó fi méjì sílẹ̀ lófo. Ọmọ Hausa wò ó, ó ní, "Tiwa náà nìyẹn!" Ọmọ Fúlàní kó 10, ó kó 5, ó ku 3. Ọmọ Bàrùbá ló kẹ́yìn, òun ló kọ́ gbogbo wa ní tirẹ̀, èmi pẹ̀lú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ohùn ọmọ yẹn ketekete nìyẹn.

Lẹ́yìn náà mo kọ 52 − 18 sójú pátákó. Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń kọsẹ̀ níbi kí wọ́n yá 1 lọ́wọ́ 5. Mo ní, kí ló wà nínú eéjìdínlógún? Wọ́n ní ogún, ó dín 2. Mo ní ẹ yọ ogún náà. Ó ku 32. Ẹ ti yọ 2 kọjá, ẹ dá a padà. 34! Ọmọ mẹ́ta ló kọ́kọ́ pariwo rẹ̀, àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Ọkùnrin tíṣà kan bá mi jà lórí èyí. Ó ní mò ń da àwọn ọmọ láàmú, pé ìdánwò kì í béèrè eéjìdínlógún, pé àkókò kò sí. Iṣẹ́ ọlọ́gójì ìṣẹ́jú méjì ló gbà mí. Mo mọ tíṣà tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí yíyá 1, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń kọ 46 sí ibi tí 34 yẹ kó wà.

* * *

"Kí ni ká wá kọ́ wọn gan-an? Ẹ̀ ń sọ èdè, ẹ̀ ń sọ èdè."

Ìbéèrè gidi nìyí. Èdè nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. O lè fi Yorùbá tó dán kọ́ ọmọ ní ohun tí kò kàn án.

Mú sáyẹ́ǹsì. Ìwé ní ká kọ́ wọn bí ohun olómi ṣe ń di ohun líle, ó wá ya àwòrán fíríìjì. Ní Ìlọrin! Ìlú oníwàrà! Mo bẹ ìyá ọmọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé kó wá sí kíláàsì wa. Ó gbé wàrà tútù ka iná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn yàrá ìkàwé, ó gún ewé bomubómu, ó po ó mọ́ omi díẹ̀, ó sẹ́ ẹ sínú rẹ̀. Àwọn ọmọ dúró yí i ká. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì, omi rẹ̀ ya sọ́tọ̀, ó kó èyí tó dì sínú agbọ̀n kékeré kó ro. Fúlàní ni ìyá náà ń sọ pẹ̀lú Yorùbá ọjà, ọmọ rẹ̀ ń túmọ̀ níbi tó bá ti há. Ọmọ tó gba 2 nínú 10 lọ́wọ́ mi ló ń túmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún kíláàsì.

(Tó o bá fẹ́ ṣe é, àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bomubómu. Oje rẹ̀ burú fún ojú. Ìyá náà gan-an ló kìlọ̀ fún wa.)

Ìkòkò mímọ ní Dada, ní Òkèlele, ẹ̀kọ́ nípa amọ̀ àti iná ni. Òfì híhun, ẹ̀kọ́ nípa ìlà, ìwọ̀n àti bátànì ni. Ọmọ tó ń lọ́ òwú fún bàbá rẹ̀ ti mọ ohun tí ìwé fẹ́ fi ojú ewé mẹ́rin ṣàlàyé.

Nínú ìtàn, àwọn Balógun mẹ́rin Ìlọrin tó ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì: Balógun Gàmbàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Àjíkòbí, Balógun Alánàmú. Orúkọ wọn nìkan ti sọ fún ọmọ pé ìlú yìí kò fìgbà kan jẹ́ ti èdè kan. Bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń pe ibì kan ní Gàá Akanbí, ibì kan ní Gàá Imam. Ọmọ Fúlàní yóò kọ́kọ́ nawọ́ sókè, torí ó mọ ohun tó ń jẹ́ gàá. Kúrò níbẹ̀ lọ sí Ẹ̀sìẹ́, níbi tí àwọn ère òkúta wà, tí wọ́n ṣí mùsíọ́ọ̀mù rẹ̀ ní ọdún 1945, àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Kó o tún kọjá sí Tada ní etí odò Ọya, nílẹ̀ Nupe, níbi tí wọ́n ti rí ère bàbà ẹni tó jókòó, tó jọ iṣẹ́ Ifẹ̀. Sọ fún wọn pé ìtàn Yorùbá gan-an ní ọmọ Nupe ni ìyá Ṣàngó. Wo ojú àwọn ọmọ Nupe 9 yẹn nígbà tó o bá sọ ọ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ egúngún dé, bí mo ṣe mọ̀ pé yóò dé. Òbí kan ní wọ́n kọ́ ọmọ òun ní ọdún egúngún ní ilé-ìwé, òun ò fẹ́ ẹ. Ìlọrin la wà, wọ́n ti kì í tipẹ́ pé ìlú tó tóbi tó yìí kò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn. Ará Ìgbómìnà kan fèsì pé ẹni tó bá yọ Egúngún Ẹlẹ́wẹ kúrò nínú ẹ̀kọ́ ọmọ òun ti yọ bàbá òun kúrò.

Àwọn méjèèjì ló ní ẹ̀tọ́, kò sì le tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Àkòrí tó wà nínú ìwé ni "ọdún ìbílẹ̀". Ọmọ kọ̀ọ̀kan ni kó sọ ti ilé rẹ̀. Ọmọ Ìlọrin á sọ bí Ẹ́míà àti àwọn ẹlẹ́ṣin ṣe ń jáde ní Iléyá. Ọmọ Nupe á sọ ìdíje ọkọ̀ ojú omi Pàtígì. Ọmọ Bàrùbá á sọ Gani. Ọmọ Òmù-Àrán á sọ ti ìlú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má jó, kí ẹnikẹ́ni má gbé agọ̀ wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ti ẹlòmíràn burú. Mímọ̀ ni ilé-ìwé ń kọ́ni níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí rẹ̀.

* * *

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà ni ilé-kéú.

Ọmọ Ìlọrin tó wọ kíláàsì kìíní lọ́dọ̀ rẹ kò wá lófo. Ó ti jókòó níwájú àfáà, ó ti fi kálàmù kọ̀wé sára wàláà, ó ti há sùúrà mélòó kan sórí. Ìlú yìí ti ń kọ Yorùbá ní lẹ́tà Lárúbáwá kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ A, B, D. A wá ń kọ̀wé nípa ọmọ yẹn pé "kò tíì mọ̀wé kà".

Ó ń fa ìṣòro kan tó hàn gbangba tí tíṣà máa ń pè ní òpè: ọwọ́ ọ̀tún ni ọmọ náà ti ń bẹ̀rẹ̀ ìlà. Mo ní ọmọ mẹ́ta tó ń kọ 21 fún 12. Mo ti fẹ́ pè wọ́n ní olódo kí n tó bi ọ̀kan pé fi ìka tọ́ ibi tí ìwé ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀tún ló tọ́. Mo ya ọfà pupa sí etí òsì pátákó, mo ní ti àfáà láti ọ̀tún, tiwa láti ibi ọfà yìí. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti lọ.

Mo tún lọ kí àfáà wọn. Ẹ lọ kí wọn, ẹ jọ̀ọ́! Nígbà tí mo mọ àkókò tí kéú ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, mo dín iṣẹ́ àṣetiléwá kù, mo sì kó èyí tó le sí àárọ̀. Àwọn kan ní mo ń gbè sẹ́yìn ẹ̀sìn kan. Ìyẹn kọ́. Ọmọ gàá tó ń da màlúù ní ọ̀ẹ̀rùn náà, mo ṣe é fún un. Ìjọba àpapọ̀ ti mọ̀ láti ọdún 1989, tí wọ́n dá àjọ ètò ẹ̀kọ́ àwọn darandaran sílẹ̀, pé àkókò ilé-ìwé tí kò bá ìgbésí ayé ọmọ mu, ọmọ náà ni yóò fi í sílẹ̀.

* * *

Tíṣà kan láti apá gúúsù Kwara kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn, Yorùbá ni gbogbo ọmọ wọn.

Mo ti kọ́ni níbẹ̀ náà fún ọdún mẹ́rin. Ẹ wo inú oko yín: àgbẹ̀ Ebira ń bẹ, ti Tiv ń bẹ, Fúlàní ń bẹ, ọmọ wọn sì ń bọ̀ nílé-ìwé yín. Àwọn ọmọ Ìgbómìnà, Ìbọ̀lọ́ àti Èkìtì yín náà kò sọ Yorùbá inú ìwé nílé. Mo rí ọmọ Ìgbómìnà tí wọ́n fa igi sí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ nínú àròkọ Yorùbá, tí wọ́n kọ "àṣìsọ" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó dákẹ́ títí sáà fi parí. Kọ́ ọ ní ti inú ìwé, torí ìdánwò. Sọ fún un pé méjì ló mọ̀. Kò gba ju gbólóhùn kan lọ láti ẹnu tíṣà.

* * *

"Tíṣà kan kò lè gbọ́ èdè 5. Ọmọ 47! Tábúlẹ́ẹ̀tì KwaraLEARN, ètò ìjọba ìpínlẹ̀ wa, ló ń darí ẹ̀kọ́ wa, àyè kò sí."

Mi ò gbọ́ èdè 5. Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì, Nupe tí kò pé, Hausa ọjà, ìkíni Fúlàní. Ọmọ ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Nupe tó ti gbọ́ Yorùbá jókòó ti èyí tí kò tíì gbọ́, mo sì máa ń fún wọn ní ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn àlàyé kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n sọ ọ́ fún ara wọn ní èdè tó bá wù wọ́n. Ariwo á sọ, bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá mi wọlé rí lásìkò yẹn, ó ní kí ló dé tí kíláàsì mi dà bí ọjà. Mo ní kó bi ọmọ tó bá wù ú léèrè ohun tí a ń kọ́. Ó bi mẹ́rin, ó jáde.

Ní ti tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ló gbé wá. Àpẹẹrẹ tó wà lẹ́nu rẹ kò sí nínú rẹ̀. Tó bá kọ àpù, mú ọsàn tàbí àgbálùmọ̀. Ìyẹn kò jẹ iṣẹ́jú kan.

Níbi tí mo ti gbà pẹ̀lú ẹni tó ń bínú ni ti ibi tí wọ́n ń gbé tíṣà lọ. Tíṣà Nupe wà ní Ìlọrin tí wọn kò kọ́ ọmọ Nupe kan, tíṣà Yorùbá wà ní Bàrùtẹ́n, nílẹ̀ Bàrùbá, tó ń wá ẹni tó máa túmọ̀ fún un bí mo ṣe wá nígbà yẹn. Ìpínlẹ̀ tó ní ìjọba ìbílẹ̀ 16, tí èdè rẹ̀ pọ̀ báyìí, ó yẹ kí èdè tí tíṣà gbọ́ wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gbé e káàkiri. Ìyẹn ju agbára ìpàdé tíṣà mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú àbọ̀ yín.

* * *

Ìbéèrè tí o padà wá béèrè, àbúrò: ìdánwò ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ni kọmọ́nù ẹ́ntíránsì, tí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, èmi ni wọ́n máa bú.

Kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, kó o kọ́ ọ gidigidi, ojoojúmọ́, bí iṣẹ́ tó dá dúró, bí wọ́n ṣe ṣe ní Ifẹ̀. Ohun tí mo ń bá ọ jà lé ni kí o fi ọ̀sẹ̀ kan náà kọ́ ọmọ ní pípín àti Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń sọ pípín. Kó kọ́kọ́ pín iṣu, kó sọ ọ́ ní èdè tó mọ̀, lẹ́yìn náà kó o fún un ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 5 tí ìdánwò ìṣirò máa ń lò, kọ wọ́n sára ògiri, kí wọ́n máa kà á láràárọ̀. Ìwé máàkì méjì ni mo ń lò báyìí: ọ̀kan fún ohun tó kọ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan fún ohun tó fi ẹnu sọ tàbí ọwọ́ ṣe. Tí méjèèjì bá jìnnà síra, mo mọ̀ pé èdè ni. Tí méjèèjì bá wálẹ̀, ìṣirò ni, mo tún un kọ́.

Fún ìpàdé yín, má gbé ìwé ńlá lọ. Mú orúkọ àwọn 47 yẹn lọ, kó o kọ èdè ilé, kéú, àti iṣẹ́ òbí sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi í síwájú yín bí ẹ ṣe ń to àkòrí. Bi ìyá oníwàrà kan ní gàá yẹn ọjọ́ tí kì í lọ sọ́jà, kó o tó kọ ọ̀sẹ̀ tí sáyẹ́ǹsì máa bọ́ sí.

Àwọn ọmọ Bàrùbá 2 yẹn, fi wọ́n sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní sáà kìíní. Àwọn kan máa sọ fún ọ pé àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ jù. Jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́.